Férémù Kẹ̀kẹ́ Òkè Oníṣọ́ọ̀kì Méjì: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Sheffield ni mo ń gbé, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn òkè Peak District ti ń pàdé èèyàn kété téèyàn bá ti jáde nílùú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè yìí, férémù mẹ́rin ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ òkè níbí ti ń pọ̀ sí i, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí férémù kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Àwọn ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Níbikíbi tí mo bá ti sọ pé “ìrìn”, iye mìlímítà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ (wíìlì ẹ̀yìn) lè fi gòkè nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé tán ni mo ń sọ. “Fọ́ọ̀kì” ni apá tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, òun ni ṣọ́ọ̀kì iwájú. “Ọrùn” ni ọ̀pá iwájú tí fọ́ọ̀kì ń gbà kọjá. “Gàárì” ni ibi tí à ń jókòó lé.

Ṣé dandan ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn? Ṣé fọ́ọ̀kì iwájú nìkan kò tó?

Ó lè tó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ṣe dáadáa bíi Blue Steel ní Lady Cannings lẹ máa ń gùn nígbà gbogbo, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn á fúyẹ́, á yára, owó yín á sì kù lápò. Àmọ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sí Jacob's Ladder lókè Edale, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta jágajàga, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí ìdí má baà dun èèyàn ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ṣe wà. Torí táyà ló ṣe wà. Táyà tó bá wà lófuurufú kò lè dá kẹ̀kẹ́ dúró, kò sì lè bá a yà. Ṣọ́ọ̀kì ló ń tì í padà sílẹ̀ lẹ́yìn òkúta kọ̀ọ̀kan.

Ìrìn mélòó ni kí n rà?

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí, èmi náà sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Férémù tó ní ìrìn 100 sí 120 mm wà fún eré ìje ọ̀nà jíjìn, èyí tí gígun òkè pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ní 120 sí 150 ni èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa nílò: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Láti 150 sí 180, ìsọ̀kalẹ̀ tó le gan-an ni wọ́n ṣe é fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín náà ló máa gbé e gòkè. Èyí tó ní 200 jẹ́ ti ìsọ̀kalẹ̀ nìkan, ọkọ̀ ló ń gbé e dé orí òkè. Irú kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Steve Peat, ọmọ Sheffield tiwa níbí, gùn tó fi di akọni àgbáyé ní Canberra lọ́dún 2009.

Férémù tí mo kọ́kọ́ rà ní ìrìn 170. Ohun tí mo rò ni pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni kẹ̀kẹ́ á ṣe dára tó. Mo gbé e lọ sí Greno Woods, igbó tó wà nítòsí ilé mi. Lóòótọ́ ni ó ń gbé gbogbo gbòǹgbò mì, àmọ́ bí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí n lè fò, ńṣe ló ń rì, kò sí ohun tó ń tì mí padà. Bí mo bá ń gòkè, ẹ̀yìn á jókòó, iwájú á máa gbọ́n kiri bí ẹni mu ẹmu. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé e, mo tà á, mo sì pàdánù 300 pọ́n-ùn sí i. Ìrìn 130 ni mo rà tẹ̀ lé e, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo sì ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ní ti gidi, torí pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ẹ ń gùn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni kí ẹ fi yan ìrìn. Ẹ má torí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ máa lọ sí BikePark Wales ní Merthyr Tydfil lọ́dún ra ohun tí ẹ ó máa wọ́ kiri fún ọjọ́ tó kù. Fún Peak District, 130 sí 150 ni mo máa ń sọ fún èèyàn.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé férémù bá ara mi mu?

Ẹ gbàgbé S, M àti L. Olùṣe kọ̀ọ̀kan ló ń gé tirẹ̀ bó ṣe wù ú, bí ìgbà tí télọ̀ méjì bá rán bùbá fún ẹnì kan náà. Nọ́ńbà tí ẹ máa wá lójú ìwé ìwọ̀n férémù ni reach. Ẹ fojú inú wo ìlà kan tó dúró ṣánṣán láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí lọ sókè. Láti ìlà yẹn títí dé àárín ẹnu ọrùn, ní ìbú, ni wọ́n ń pè ní reach. Ó ń sọ bí ààyè yín ṣe máa tó nígbà tí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ìdúró la máa ń wà tí ọ̀nà bá le. Sẹ̀ntímítà 178 ni mo ga, 465 mm ló bá mi mu. M ni ilé iṣẹ́ kan pe 465 yẹn, L ni òmíràn pè é.

Ẹnìkejì reach ni stack, ìyẹn gíga láti ibi pẹ́dà dé ẹnu ọrùn. Àwọn méjèèjì so kọ́ra. Torí pé ọrùn dà sẹ́yìn, bí ẹ bá ti òrùka sábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti gbé e ga ní 10 mm, ẹ ti jẹ nǹkan bíi 5 mm nínú reach yín nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó ra férémù kékeré torí ó dínwó, tó wá to òrùka mẹ́rin sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó lè ga. Ńṣe ló tún sọ férémù tó kéré di èyí tó kéré sí i.

Ẹ tún wo bí ọ̀pá gàárì ṣe dúró sí. Dígíríì 76 sí 78 ló wọ́pọ̀ lára férémù òde òní, ó sì dára, torí ó ń gbé ìdí yín síwájú sórí pẹ́dà nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, iwájú kẹ̀kẹ́ kò sì ní máa gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹsẹ̀ yín bá gùn. Gíga gàárì kan pàtó ni olùṣe fi wọn nọ́ńbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá gàárì ló sì dà sẹ́yìn ju bí nọ́ńbà náà ṣe wí lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń fa gàárì sókè ni ẹ óò máa lọ sẹ́yìn.

Ní ti ọrùn, láàárín dígíríì 64 sí 66 ni ọ̀pọ̀ férémù onírìn 130 sí 160 wà. Bó bá ṣe dà sẹ́yìn tó ni ọkàn èèyàn ṣe ń balẹ̀ tó lórí ìsọ̀kalẹ̀, àmọ́ á máa lọ́ra níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ìdajì dígíríì kan gba oorun lójú yín.

Onípáfọ́ọ̀tì kan, oní-ọ̀pá mẹ́rin, VPP, DW-link: kí ni gbogbo rẹ̀, èwo ló dáa jù?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà so apá ẹ̀yìn mọ́ iwájú ni gbogbo rẹ̀. “Páfọ́ọ̀tì” ni ojú ìdè tí apá ẹ̀yìn ti ń mì. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Onípáfọ́ọ̀tì kan ló rọrùn jù: ojú kan ṣoṣo ni apá ẹ̀yìn ti ń mì, bí ilẹ̀kùn lára ìdè rẹ̀. Orange, tí wọ́n ń ṣe férémù ní Halifax, kò jìnnà sí wa, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ irú yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíárìn rẹ̀ kò pọ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò gba ọgbọ́n àrà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fa bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lórí òkúta, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀yìn kò mì bó ṣe yẹ mọ́.

Oní-ọ̀pá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Horst Link gba orúkọ lára Horst Leitner, ọmọ ilẹ̀ Austria tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Páfọ́ọ̀tì kékeré kan wà lápá ìsàlẹ̀, níwájú ibi tí wọ́n ti ń de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Páfọ́ọ̀tì yẹn ló ń ya agbára bíréèkì kúrò lára ìmì ṣọ́ọ̀kì. Ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Specialized ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1998, èyí sì mú kí àwọn olùṣe mìíràn ní Amẹ́ríkà máa wá ọgbọ́n míì dá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí i.

Ìdílé kẹta ni ti apá kúkúrú méjì: VPP ti ilé iṣẹ́ Santa Cruz, DW-link tí Dave Weagle hùmọ̀, tí ẹ máa rí lára kẹ̀kẹ́ Ibis àti Pivot, àti Maestro ti ilé iṣẹ́ Giant. Wọ́n ń gùn dáadáa gan-an lórí òkè. Bí èèyàn bá ń fi agbára tẹ pẹ́dà, ìwúwo ara ń lọ sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì sì ń fẹ́ rì. Ọ̀nà tí apá méjì yẹn gbà ń yí máa ń jẹ́ kí fífà ṣéènì dí ìrì náà lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ bíárìn ló wà nínú wọn, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹrẹ̀ ń kó sí.

Ẹ lè tún rí èyí tí páfọ́ọ̀tì rẹ̀ ga, tí ṣéènì ń gba orí jíà kékeré kan kọjá lókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sún sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó bá kọ òkúta, kò sì ń kọsẹ̀. Ohun àrà ni lórí ìsọ̀kalẹ̀. Fún ẹni tó ń ra férémù àkọ́kọ́, mi ò ní sọ pé kó rà á.

Èwo ló dáa jù? Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ló ni tirẹ̀. Mo ti gun onípáfọ́ọ̀tì kan tó dùn ju ti apá méjì olówó gọbọi lọ. Bí férémù ṣe bá yín mu sí àti bí ṣọ́ọ̀kì ṣe bá ìwúwo yín mu ṣe pàtàkì ju irú ìsopọ̀ lọ.

Kílò 105 ni mo wọ̀n. Ǹjẹ́ ó yí nǹkan kan padà?

Ó yí i padà gan-an, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè, torí àwọn tó ń tajà kì í sọ ọ́. Ẹ mú ìrìn férémù, kí ẹ fi gígùn ìwọlé ṣọ́ọ̀kì pín in. Ìrìn 150 tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọlé ní 60 mm, 2.5 ni. Ó túmọ̀ sí pé bí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé ní mìlímítà kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti gòkè ní méjì àbọ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni ẹ máa nílò afẹ́fẹ́ tó nínú ṣọ́ọ̀kì láti gbé yín ró. Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó wúwo tó ra férémù tó wà ní 3 lè dé òpin yẹn kí kẹ̀kẹ́ tó gbé e bó ṣe yẹ. Ẹ wá èyí tó wà ní 2.5 tàbí tó kéré sí i.

Nọ́ńbà yẹn kì í dúró sójú kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní 3.0 kó sì parí sí 2.3 bí ẹ̀yìn ṣe ń gòkè. Bó bá ń wálẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀kì á máa le sí i bó ṣe ń dé òpin, kò sì ní máa gbá ìdí mọ́lẹ̀. Irú férémù bẹ́ẹ̀ ló bá ṣọ́ọ̀kì onísípíríǹgì mu, torí sípíríǹgì fúnra rẹ̀ kì í le sí i lópin bíi ti afẹ́fẹ́.

Kábọ̀n ni tàbí alumíníọ́mù?

Bó bá jẹ́ férémù yín àkọ́kọ́, ẹ ra alumíníọ́mù. Ó wúwo ju kábọ̀n lọ díẹ̀, àmọ́ owó tí ẹ máa fi pa mọ́ lè ra táyà gidi àti bíréèkì tó múná, ẹ ó sì mọ ìyàtọ̀ ìyẹn kíá. Kábọ̀n dára, ó ṣe é tún ṣe bó bá ya lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òkúta tó bá ta sí i lábẹ́ lè ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Irin náà kò tíì kú o. Cotic tó wà nínú Peak District níbí àti Starling ní Bristol ń fi irin ṣe férémù oníṣọ́ọ̀kì méjì. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ lọ́nà tó dùn mọ́ni lórí òkúta. Ní Machynlleth ní Wales, ilé iṣẹ́ Atherton ń fi àtè lẹ ọ̀pá kábọ̀n mọ́ ìdè titanium tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọnà gidi ni, mo ti fọwọ́ kàn án rí. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ṣé mo lè kó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ sórí férémù tuntun?

Ẹ má sanwó kí ẹ tó mú ìwọ̀n wọ̀nyí, torí ibi yìí ni owó ti ń jò lọ láìdún.

Àlàfo ẹ̀yìn, ìyẹn fífẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀, lẹ máa kọ́kọ́ wò. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ máa ń jẹ́ 142 mm, èyí tó wà lóde báyìí jẹ́ 148 tí wọ́n ń pè ní Boost, àwọn díẹ̀ sì jẹ́ 157. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 142 kò ní dédé wọ 148. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn: ZS44/56 túmọ̀ sí pé ihò òkè jẹ́ 44 mm, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 56. Fọ́ọ̀kì tí ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ló ń wọ̀ ọ́. Ibi pẹ́dà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí wọlé, ìyẹn BSA 73, tàbí èyí tí wọ́n ń gbá wọlé. Èyí tí wọ́n ń yí ni mo fẹ́ràn, kì í ké bí ẹrẹ̀ bá wọ̀ ọ́. Ọ̀pá gàárì tó ń lọ sókè sódò máa ń jẹ́ 30.9, 31.6 tàbí 34.9, ẹ tún béèrè bó ṣe lè wọlé jìn tó, torí nínú férémù mìíràn páfọ́ọ̀tì ló ń dí i lọ́nà.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ ni UDH. Ilé iṣẹ́ SRAM tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ló mú un jáde lọ́dún 2019, ìkọ́ kan náà tó ń gbé ẹ̀rọ ìyípadà jíà dúró lára férémù oríṣiríṣi. Tẹ́lẹ̀, férémù kọ̀ọ̀kan ló ní ìkọ́ tirẹ̀, bó bá ṣẹ́ lọ́nà ìrìn àjò, ó tán nìyẹn. Férémù tó bá ní UDH, ẹ máa rí ìkọ́ rẹ̀ rà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, láti 2016 ni ìwọ̀n tuntun ti wà, bíi 210×55 àti 230×65. Ìwọ̀n àtijọ́ bíi 200×57 àti 216×63 kò lè rọ́pò wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gígùn láti ojú (ihò bóòtù) kan dé èkejì, ìkejì ni bó ṣe ń wọlé tó. Ẹ má fi èyí tó gùn sí i, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè lọ gbá ọ̀pá gàárì.

Ṣé mo lè fi fọ́ọ̀kì tó gùn ju ti olùṣe lọ sí i?

Bí olùṣe bá gbà á láàyè. Fọ́ọ̀kì tó fi 10 mm gùn sí i á da ọrùn sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdajì dígíríì, á sì gbé ibi pẹ́dà ga díẹ̀. Tí ẹ bá kọjá ibi tí olùṣe fi ààlà sí, ọrùn férémù lẹ ń fi ṣeré.

Mo rí àlòkù kan tó dínwó. Kí ni kí n wò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Férémù mi kejì, àlòkù ni, 550 pọ́n-ùn. Alẹ́ ni mo lọ gbà á, òjò ń rọ̀, ojú ń ti mí láti máa tan iná wo ohun ìní ẹni ẹlẹ́ni. Oṣù kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ bí mo bá ń gòkè. Mo pààrọ̀ bíárìn, kò dákẹ́. Mo fi girisi pa ibi pẹ́dà, kò dákẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan tí mo fọ̀ ọ́ ni mo rí ìlà kan níbi tí ọ̀pá òkè ti pàdé ọ̀pá gàárì, lẹ́bàá ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo fi èékánná fà á, èékánná mi sì há. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni àwọn ṣèlérí àtúnṣe fún. Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ má tijú. Ẹ ní kí ó fọ kẹ̀kẹ́ náà kí ẹ tó dé. Ẹ tan iná sí gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó: abẹ́ ọrùn, àyíká ibi pẹ́dà, orí ọ̀pá gàárì, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ férémù, àti àárín apá ẹ̀yìn méjèèjì níbi tí táyà lè ti máa ha á. Ìlà tó bá kọjá lórí ọ̀dà, ẹ fi èékánná wò ó. Bó bá jẹ́ kábọ̀n, ẹ fi owó ẹyọ kàn án díẹ̀díẹ̀ yí ọ̀pá po; ibi tó le ń dún kan-kan, ibi tó bá ti bàjẹ́ á dún bí páálí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ di gàárì mú, kí ẹ gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀-kọ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀, bíárìn tàbí ojú ṣọ́ọ̀kì ti jẹ. Ìyẹn kò burú tó férémù tó ya, ẹ kàn yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ máa san. Ẹ wo ọ̀pá dídán ṣọ́ọ̀kì: bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ha, tí ọ́ìlì sì ń yọ, àtúnṣe ńlá ń bọ̀.

Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ibi pẹ́dà, kí ẹ fi wò ó lórí BikeRegister bóyá wọ́n ti kéde rẹ̀ pé jíjí ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Bíárìn ń tètè jẹ ní ìgbà òtútù. Ṣé férémù ni?

Ilẹ̀ wa níbí ni. Òkúta Peak District máa ń di iyanrìn gbàrọ̀gbàrọ̀, òjò á pò ó mọ́ ẹrẹ̀, á wá dà bí ohun tí wọ́n fi ń lọ ọ̀bẹ. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára fọ ojú páfọ́ọ̀tì; ìkòkò omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yọ bóòtù ṣọ́ọ̀kì kan, kí ẹ fi ọwọ́ gbé apá ẹ̀yìn sókè sódò. Ó yẹ kó máa lọ geere. Bó bá ń há bí ata tí wọn ò lọ̀ kúnná, àsìkò ti tó. Ẹ kọ nọ́ńbà ara bíárìn sílẹ̀, bíi 6902 2RS, kí ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bíárìn gan-an.

Bí ẹ bá ń yan férémù, ẹ béèrè nọ́ńbà bíárìn rẹ̀ ṣáájú. Èyí tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lágbàáyé ló ń ta bíárìn rẹ̀, mi ò ní fẹ́ ẹ.

Ṣé kí n ra férémù nìkan, tàbí odidi kẹ̀kẹ́?

Odidi kẹ̀kẹ́ ló dínwó jù lọ́pọ̀ ìgbà, torí àwọn olùṣe ń ra ẹ̀yà lọ́pọ̀. Férémù nìkan yẹ ẹni tó ti ní fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ àti bíréèkì tó dáa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ń rà á láti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí Britain, ẹ má gbàgbé owó orí VAT, ìdá 20 nínú 100.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oní-íǹsì 29 ni tàbí 27.5?

29 bí ẹ bá ga tó, torí ó ń yí kọjá lórí òkúta ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí kò ga púpọ̀, tí táyà ẹ̀yìn ń gbá ní ìdí lórí ìsọ̀kalẹ̀, lè fi 29 síwájú kó fi 27.5 sẹ́yìn, bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe férémù náà fún un.

Àbúrò mi ní Ìbàdàn fẹ́ kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Kí ni kí n fi ránṣẹ́?

Ẹ fi onípáfọ́ọ̀tì kan ránṣẹ́, alumíníọ́mù, tó ní UDH. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ pọ̀ nílé, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì wọn sábà máa ń ti kú, kò sì rọrùn láti rí ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ kó bíárìn odidi méjì, rọ́bà inú ṣọ́ọ̀kì, ìkọ́ jíà méjì, àti pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì sínú páálí kan náà. Pọ́ǹpù fọkanáísà kì í ṣe fún ṣọ́ọ̀kì o: àwọn tó ń kún táyà mọ́tò kì í dé 200 psi, ṣọ́ọ̀kì sì lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku ọyẹ́ ló máa jẹ́ ọ̀tá wọn níbẹ̀, kí wọ́n máa nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gùn ún.

Ṣé mo lè fi mọ́tò sí i tó bá yá?

Rárá. Férémù onímọ́tò, wọ́n ti ṣe ilé mọ́tò àti bátìrì sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti rà á, mo sì ti tò ó. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ ṣètò bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa rì lábẹ́ ìwúwo yín. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ fi ń gùn ún: bàtà, akoto, báàgì tí omi wà nínú rẹ̀. Òrùka rọ́bà kékeré kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tì í mọ́ ẹnu ṣọ́ọ̀kì. Ẹ di ògiri mú, ẹ gùn ún, ẹ jókòó sórí gàárì jẹ́ẹ́, láì fò, láì mì. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ rọra, kí ẹ wọn ibi tí òrùka dúró sí. Bí ṣọ́ọ̀kì yín bá ń wọlé ní 60 mm, ìdá 25 nínú 100 jẹ́ 15 mm, ìdá 30 jẹ́ 18. Láàárín àwọn méjèèjì ni kí ẹ wà.

Bí rírì rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un ní 5 psi, kí ẹ tún gùn ún wò. Bó bá kéré jù, ẹ tú díẹ̀. Ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án ló máa ń bá mi mú rúlà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kẹ̀kẹ́ ní Sátidé tó kọjá, ó ní, “Bàbá, mẹ́rìnlá.” Mo tú 5 psi. “Mẹ́rìndínlógún.” Mo tún tú 5. “Mẹ́tàdínlógún, ó dúró.” Mo fi pẹ́ńsù kọ psi náà sínú ìwé kékeré tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti bí mo ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ún, ẹ padà wá fi sípánà oníwọ̀n wo gbogbo bóòtù páfọ́ọ̀tì, torí férémù tuntun máa ń jókòó díẹ̀.